Wọ́n ní kí màmá má jẹ òkèlè mọ́, ìwé ọsibítù ò sì yé wa: kí la máa ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo níbí ni wá, apá Òkè-Baálẹ̀. Ẹni ọdún 64 ni màmá mi, àdìrẹ ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ọba. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́sibítù, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ẹ̀jẹ̀ wọn náà sì ga. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa nìyí: wéètì 82 kg, gíga 1.58 m, BMI 32.8, FBS 162, HbA1c 8.4%, kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tí GI ẹ̀ kéré, kí wọ́n dín kálórì àti sodium kù, kí wọ́n máa jẹ fáíbà dáadáa. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, a ò ráyè béèrè nǹkan kan. Metformin àti glibenclamide ni oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní òkèlè ti parí nílé wa, àfi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wíìtì nìkan, kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò sẹ́yin. Àbúrò mi ra máṣíìnì wá láti Èkó, ó gbé 9.1 láàárọ̀ àná, inú wa dùn pé ó ti já wálẹ̀ láti 162. Àmọ́ ẹsẹ̀ màmá ń rọ̀, aṣọ wọn ti ń tóbi jù wọ́n, tí wọ́n bá sì gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè tí wọ́n máa ń gbà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ gbogbo nǹkan yẹn, kí sì ni kí wọ́n máa jẹ gan-an?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní "ṣúgà ẹ̀ ga" ni, a ò sì ní mọ ibi tá a ti máa dì í mú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tí ò lè dúró. Òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n lọ́jọ́ ààwẹ̀ yẹn, ó jọ pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wálẹ̀ jù, kì í ṣe ebi lásán. Glibenclamide máa ń mú kí ara tú insulin jáde, ìyẹn èròjà tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ì báà jẹun, ì báà má jẹun, ìdí nìyẹn tó fi léwu fún àgbàlagbà tó bá febi pa mọ́ ọn. Metformin nìkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí màmá dá ààwẹ̀ yẹn dúró ná, náfílà ṣáà ni, ẹ bi Aáfà yín, wọ́n á sọ fún yín pé aláìsàn ní ìyọ̀ǹda. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí kẹ́ ẹ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe wọ́n, ẹ má ṣe pààrọ̀ oògùn fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lo glibenclamide yẹn láìjẹun. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ gún wọn níka lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ fi máṣíìnì wo ṣúgà wọn. Tó bá wà lábẹ́ 3.9 lórí máṣíìnì yín, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin sómi fún wọn, tàbí ẹlẹ́rìndòdò ìdajì ife, kó máà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ "diet" tàbí "zero" sí lára o, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tún gún wọn níka. Tó bá ti gòkè, kí wọ́n jẹun gidi. Tí ojú wọn bá ti ń ṣú tàbí tí wọn ò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì wá kàn. Ẹ má bínú pé mo fẹ́ ba ayọ̀ yín jẹ́, àmọ́ 162 àti 9.1 yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mg/dl ni ọsibítù fi ka tiwọn, mmol/l ni máṣíìnì yín fi ń ka tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá wojú ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí igun kan lẹ́tà wẹ́wẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ mmol/l di mg/dl, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18: 9.1 lọ́nà 18 jẹ́ 164 láìsí díẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé láti oṣù méjì tí màmá ti ń ko àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ mì, ṣúgà wọn ò kúrò níbi tó wà. Mo máa ń rí àṣìṣe yìí gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Lọ́dọ̀ ẹni tí ara ẹ̀ dá, tó bá jí láàárọ̀ tí ò tíì jẹun, kì í sábà tó 100, ìyẹn 5.6 lórí máṣíìnì tiyín. Tó bá ti ń jẹ́ 126, ìyẹn 7.0, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe tí kò yí padà, ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń pè é. FBS tí wọ́n kọ yẹn, ṣúgà ẹni tí ò tíì jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán ni, nítorí náà tí màmá bá ti mu tíì kẹ́ ẹ tó gún wọn níka, ẹ ò lè pe ìyẹn ní FBS mọ́.

HbA1c yàtọ̀ sí FBS. Ẹ wo iṣẹ́ màmá fúnra wọn: owó tí wọ́n pa lónìí nìkan ò lè sọ fún yín bóyá ọjà ń lọ, ẹ lè bá ọjọ́ táwọn oníbàárà ńlá wá kó àdìrẹ, ẹ sì lè bá ọjọ́ òjò. Owó oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ bá kó jọ ló máa sọ òótọ́. FBS ni ti òní, HbA1c ni ti oṣù méjì sí mẹ́ta, torí ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń pẹ́ tó nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. 6.5% sókè ni wọ́n ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, màmá wà ní 8.4%. Ibi tó yẹ kó wá sí, dókítà ló máa sọ ọ́, ti àgbàlagbà kì í le tó ti ọ̀dọ́ torí a ò fẹ́ kí ṣúgà máa já lulẹ̀ lójijì. Tó bá jẹ́ pé SS tàbí SC ni genotype èèyàn, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, HbA1c lè parọ́ o, kẹ́ ẹ tètè sọ fún wọn.

BMI, ìyẹn bí wéètì ṣe rí sí gíga, ò le rárá. Ẹ fi gíga sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, 1.58 lọ́nà 1.58, ó jẹ́ 2.5 díẹ̀ ló kù, ẹ wá fi pín wéètì 82, ẹ máa bá 32.8. Láti 18.5 sí 24.9 ni wọ́n ń pè ní déédéé, 25 sí 29.9 ti sanra díẹ̀, 30 sókè ti sanra jù. Àmọ́ BMI ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ikùn gan-an ló ń dá wàhálà ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ kẹ́ ẹ wọn àyíká ikùn màmá, fún obìnrin tó bá ti kọjá 88 cm ó ti ga jù.

Ibí ni ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń tóbi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú. Mo mọ̀ pé àwọn aládùúgbò á máa kí yín kú oríire pé màmá ti fọn. Kí ẹni tó wà ní 82 kg fọn díẹ̀díẹ̀, ó dáa, òun náà la ń wá. Ṣùgbọ́n kéèyàn fọn kí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì máa rọ̀, mo máa ń fura pé iṣan ló ń lọ. Ẹ wọn wọ́n. Tí wọ́n bá ti pàdánù tó 5% láàárín oṣù kan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ìyẹn bíi kílò mẹ́rin fún màmá, àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọdé tó rù nìkan ni àìjẹunrekánú ń mú, irọ́ ni, èèyàn lè ní BMI 32 kí àìjẹunrekánú sì wà lára ẹ̀, torí oúnjẹ tó ń jẹ pọ̀ nínú agbára ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí ara máa fi tún ara ẹ̀ ṣe níbẹ̀.

Prótíìnì ni ohun tí mò ń sọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín gbìyànjú, ìfẹ́ ló mú un ṣe é, àmọ́ ibi tó ti gé ẹja àti ẹyin kúrò yẹn, ibẹ̀ gan-an ló ti dà á rú. Ẹni tọ́jọ́ orí ẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta nílò prótíìnì ju ọ̀dọ́ lọ, bíi gíráàmù kan sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tó sanra bíi màmá a kì í fi gbogbo 82 yẹn ṣírò, tá a bá wò ó, bíi 60 sí 70 gíráàmù lóòjọ́ máa tó wọn. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6, ẹja títù sísè 100 gíráàmù máa ń tó 20, ife ẹ̀wà sísè kan bíi 13 sí 15. Wàrà táwọn Fúlàní ń gbé kiri náà dáa. Pọ̀nmọ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn, òun ní prótíìnì o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò pé, èròjà kan pàtàkì tí ara nílò ò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹ má kà á mọ́ ẹran, ẹ fi ṣe fàájì. Ẹ sì bi dókítà bóyá kíndìnrín màmá dáa kẹ́ ẹ tó fi prótíìnì kún un, torí tí kíndìnrín bá ní wàhálà, ìṣirò yẹn á yí padà.

Ohun kan tún wà nínú gígé ẹran àti ẹja yẹn. Fítámìn B12, inú ohun ẹlẹ́mìí àti wàrà àti ẹyin la ti ń rí i, kò sí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí nínú ẹ̀fọ́. Metformin náà sì máa ń dín B12 kù lára téèyàn bá ti ń lò ó pẹ́. Kì í ṣe lónìí lónìí o, ara máa ń fi í pamọ́ fún ọdún, nítorí náà mi ò rò pé òun ló fa ẹsẹ̀ rírọ̀ ti ìsinsìnyí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń bá oúnjẹ yẹn lọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá a lọ́jọ́ iwájú.

Kálórì, agbára tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Gíráàmù kan afáralókun, tí wọ́n ń kọ carbohydrate sí lára páálí, máa fún yín ní 4, prótíìnì náà 4, ọ̀rá 9. Ẹ ríyàtọ̀ yẹn? Ṣíbí ìjẹun kan òróró tàbí epo pupa tó bíi 120 kálórì. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ òkèlè lójú méjèèjì, tí ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ń léfòó nínú epo, kálórì tí wọ́n gé nínú àmàlà, epo ti dá a padà tèlétèlé. Epo pupa dáa, ó ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámìn A, tí wọ́n bá ti yọ́ ọ títí ó fi funfun ìyẹn ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ yéé dà á látẹnu ìgò.

Ó wá ku GI, ìyẹn òṣùwọ̀n bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè tó, òun ló ń da gbogbo ìlú rú. Ọdún 1981 ni David Jenkins àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Toronto ní Kánádà gbé e jáde. Wọ́n á fún èèyàn ní oúnjẹ tí afáralókun inú ẹ̀ jẹ́ 50 gíráàmù, wọ́n á máa wo bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe ń gòkè fún wákàtí méjì, wọ́n á wá fi wé 50 gíráàmù glucose gidi tí wọ́n pè ní 100. Oúnjẹ tó bá wà ní 55 sísàlẹ̀, ó kéré, 70 sókè, ó ga. Ẹ̀wà kéré, búrẹ́dì funfun ga. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n GI ò mọ iye tó wà nínú abọ́ yín! Wọtamẹ́lọ̀n, GI ẹ̀ lé ní 70, téèyàn bá wo ìyẹn nìkan á sá fún un, bẹ́ẹ̀ omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, 100 gíráàmù ẹ̀ ò ní ju bíi 8 gíráàmù afáralókun lọ. Ìdí tí wọ́n fi ní GL nìyẹn, tó ń da bí ó ṣe ń yá sí àti bó ṣe pọ̀ tó pọ̀: ẹ fi GI sọ afáralókun inú abọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 100 pín in. Ti wọtamẹ́lọ̀n yẹn á jẹ́ bíi 6. Tó bá wà ní 10 sísàlẹ̀ ó kéré, 20 sókè ó pọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀ ní gbígbẹ, afáralókun máa ń tó nǹkan bí 80. Gààrí ńkọ́? Ó wà ní bíi 80 náà. Èlùbọ́ iṣu, agbègbè ibẹ̀ ni. Wíìtì lé ní 70. Ká tiẹ̀ ṣàánú èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká fún un ní GI 50, GL ẹ̀ á jẹ́ 40, ìyẹn fún 100 gíráàmù péré, tí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé "òun ò ní ṣúgà" sì lè jẹ ìlọ́po méjì ẹ̀ kó tún tọ́ ọwọ́ lá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yín nìyẹn. Ẹ kàn pààrọ̀ àwọ̀ òkèlè ni, ẹ ò dín in kù. Tó bá tún jẹ́ pé ìyẹ̀fun tó kúnná tí wọ́n fi omi gbígbóná rò, ó máa ń tètè dà nínú ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n tí ẹ kàn bọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra wíìtì, èyí tí èèpo ẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Nítorí náà màmá lè jẹ ẹ̀bà. Wọ́n lè jẹ láfún, wọ́n lè jẹ àmàlà dúdú, iyán náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èmi kọ́ ni màá ní kí ọmọ Òṣogbo má jẹ iyán. Kó ṣáà má ju ìkúùkù ọwọ́ wọn fúnra wọn lọ, ọwọ́ tiwọn, kì í ṣe ọwọ́ bọ̀ọ̀dá yín. Ẹ wá fi ọbẹ̀ dí ibi tó ṣófo: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, kó kún ìdajì abọ́, ẹja tàbí ẹran gba ìdá mẹ́rin, òkèlè gba ìdá mẹ́rin tó kù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí òkèlè tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ewédú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ẹ máa rántí pé ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, afáralókun wà níbẹ̀, prótíìnì àti fáíbà náà wà níbẹ̀.

Fáíbà ni apá oúnjẹ tí ara wa ò lè lọ̀, ó ń dá ṣúgà dúró díẹ̀ kó má sáré wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn. Ó yẹ kéèyàn rí tó 25 gíráàmù lóòjọ́. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, ewédú àti èso tẹ́ ẹ jẹ lódindi ló wà lára ohun tẹ́ ẹ ti máa rí i. Tẹ́ ẹ bá fún ọsàn tẹ́ ẹ da èèkù ẹ̀ nù, fáíbà lẹ dà nù yẹn.

Sodium ò ní gbà wá lákòókò, iyọ̀ ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó má tó 5 gíráàmù iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí ò kún bò, fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pátá, pẹ̀lú èyí tó wà nínú mágí o. Bíi ìdajì mágí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Irú tí wọ́n bá fi iyọ̀ sí, ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà, irú àti edé gbé ọbẹ̀ yẹn dúró, ahọ́n màmá á ké fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì mọ́ wọn lára.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n to ọjọ́ kan fún wọn: láàárọ̀, ẹ̀kọ kékeré kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tàbí ẹ̀kuru, àkàrà náà dáa ṣùgbọ́n epo ẹ̀ pọ̀. Lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja, kí wọ́n máa gbé e látilé torí ti bùkà tí wọ́n ń bù ní síbí síbí, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n. Ọsàn kan tàbí ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́. Alẹ́, òkèlè oníkùúkù pẹ̀lú ọbẹ̀ tá a sọ, kí wọ́n sì rìn díẹ̀ káàkiri àgbàlá lẹ́yìn oúnjẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ gan-an. Kó máà jẹ́ pé wọ́n jókòó ti àdìrẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn tó ń wá kí màmá ńkọ́? Mo mọ̀ wá, mọ́ọ̀tì ni wọ́n máa gbé wá, wọ́n á ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn agolo ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà inú 100 ml jẹ́ 11 gíráàmù, agolo 33 cl á jẹ́ 36 gíráàmù, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Iye tó wà fún 100 ml ni wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà síbẹ̀, èèyàn á rò pé ti gbogbo agolo ni. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ gbé e fáwọn ọmọdé, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan pamọ́ fún ọjọ́ tí ṣúgà bá já.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́sibítù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé máṣíìnì yẹn dání, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tí màmá jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé, títí kan ẹ̀pà àti ọtí dídùn, pẹ̀lú aago tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa glibenclamide yẹn pé ṣé èyí tí kì í fa ṣúgà lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni ọdún 64, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa kíndìnrín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ yín ránṣẹ́ sí onímọ̀ oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín dání, òun ló ń dáná.